A-10 àtijọ́ àti F-35 olówó gọbọi: kí ló yẹ ká fi wọ̀n wọ́n?

Àwòdì Òkè · 7:12 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Mo ń múra ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ bàálù, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n sì ń retí rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí n fi A-10, bàálù ogun tí Amẹ́ríkà ti ń fò láti àwọn ọdún 1970, wé F-35A, bàálù ogun tuntun tí rédà kì í tètè rí. Owó ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo há sí. Ibì kan sọ pé wákàtí kan tí F-35A bá fi fò ń jẹ 36,000 dọ́là, ibòmíràn pe iye tí kò tó ìdajì rẹ̀. Àwọn kan ní A-10 ló dára jù nítorí pé kò wọ́n, pé ìbọn rẹ̀ nìkan tó ogun í jà. Àwọn mìíràn ní kí wọ́n lọ kó gbogbo rẹ̀ sí aṣálẹ̀ Arizona níbi tí wọ́n ń kó bàálù tó ti fẹ̀yìn tì sí. Kí ni èèyàn á fi wọ̀n wọ́n láìṣe ojúsàájú?

Ìṣirò Layé · 7:41 àárọ̀

Àbúrò, iye méjèèjì tí o rí kì í ṣe irọ́. Ohun tí wọ́n kó sínú agbọ̀n ló yàtọ̀. Agbọ̀n kékeré ń ka epo, ohun tó ń tán lójú iṣẹ́, àti ẹ̀yà tí wọ́n ń tú lọ túnṣe. Agbọ̀n ńlá ń ka gbogbo ìyẹn, ó tún ń fi owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, àtúnṣe ńlá ní ilé ìtúnṣe, àtúntò kọ̀ǹpútà àti owó àwọn agbaṣẹ́ṣe kún un. Inú agbọ̀n ńlá ni 36,000 yẹn ti wá. Bí o bá mú F-35A nínú agbọ̀n ńlá, tí o mú A-10 nínú agbọ̀n kékeré, o ti pa ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà kó tó bẹ̀rẹ̀.

Owó ìrà náà ní ìdẹkùn tirẹ̀. F-35A ti ìpele ìrà kẹrìnlá jẹ́ 77.9 mílíọ̀nù dọ́là ẹyọ kan. Ìpele 15 sí 17 lọ ní nǹkan bí 82.5 mílíọ̀nù. A-10 kò ní iye kankan lọ́jà lónìí, nítorí pé ọdún 1984 ni Fairchild Republic, ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ti parí èyí tó kẹ́yìn nínú nǹkan bí 716 tí wọ́n ṣe. Má gbé owó ọdún 1970 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òní kí o wá sọ pé ọ̀kan pọ́ọ́kú.

Èyí tó yẹ kó kọ èèyàn lóminú ni owó ìtọ́jú. Àwọn olùṣàyẹ̀wò owó ìjọba Amẹ́ríkà, GAO, sọ pé ìfojúsùn owó tí wọ́n máa fi tọ́jú gbogbo F-35 wọn títí ayé rẹ̀ gòkè láti 1.1 tirílíọ̀nù dọ́là ní 2018 dé 1.58 tirílíọ̀nù ní 2023.

Ọta Ò Tán · 8:05 àárọ̀

Owó, owó, owó. Iṣẹ́ ńkọ́? Ara ìbọn GAU-8/A ni wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó rán ẹ̀wù A-10 fún un. Kódà wọ́n sún táyà iwájú sí ọ̀tún kí ẹnu tó ń yìn lè wà ní àárín gbùngbùn bàálù. Ẹnu 7, ọta mìlímítà 30, 3,900 ní ìṣẹ́jú kan. Ọta 1,350 ló ń gbé. Ti F-35A jẹ́ GAU-22/A, ẹnu 4, mìlímítà 25, ọta bíi 180 péré. Bó ti ń yìn 3,300 ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àti díẹ̀, ó ti tán.

Ẹ tún wo dídúró. A-10 lè lọ nǹkan bí kìlómítà 460 sójú ogun, kó máa yí ká níbẹ̀ fún wákàtí méjì ó dín díẹ̀, kó sì padà sílé. Ọmọ ogun tí ọ̀tá ká mọ́ inú kòtò kò fẹ́ bàálù tó kọjá bí àrá. Èyí tó máa dúró tì í ló fẹ́. Ìbọn yẹn ló fọ́ ọkọ̀ ogun Ìráàkì yángá ní 1991.

Àbúrò Onírin · 8:22 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Ọta, ẹ má bínú, mo ní àtúnṣe méjì. 1,350 ni iye tó wà nínú ìwé àtijọ́. Àgbá ọta tó wà lára A-10 ń gba 1,174, 1,150 ni wọ́n sì sábà máa ń kì sí i. Ẹ pín in sí 65 fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kò pé ìṣẹ́jú àáyá 18. Awakọ̀ kì í sì fà á gùn. Ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, ó ti jọ̀wọ́ ìfà, kí ẹnu ìbọn má bàa gbóná kọjá.

Ìkejì: ní 1991, mísáìlì AGM-65 Maverick ló ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń yin ìbọn yẹn. F-16, bàálù ogun mìíràn, náà ń gbé Maverick, nítorí náà ẹ̀rí yẹn kò ti A-10 lẹ́yìn tó bí ẹ ṣe rò.

Àmọ́ lórí ìbọn F-35A, ẹ̀gbọ́n ò ṣìnà. Ẹ̀ka adánwò ohun ìjà ní Pentagon, ilé iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sínú ìròyìn wọn tó jáde ní oṣù Kìíní 2020 pé ìbọn náà kì í ta síbi tí wọ́n wọ̀n, àti pé ara bàálù ń sán níbi tí wọ́n de ìbọn mọ́.

Alágbẹ̀dẹ Òfurufú · 9:10 àárọ̀

Ẹ jẹ́ ká wo irin, torí pé níbẹ̀ ni ogbó wà gan-an. Ogbó bàálù kì í ṣe ti ọdún nìkan. Iye ìgbà tí ara rẹ̀ ti tẹ̀ tó sì padà ni kẹ́ ẹ kà. Ẹ mú wáyà, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn: kò ní já lẹ́ẹ̀kan náà, ó máa já nígbà tí ẹ ò retí. Apá bàálù ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí awakọ̀ bá yí kíkan. Wákàtí kan tí A-10 fi bẹ́ sílẹ̀ tó sì fà sókè lẹ́ẹ̀kan sí i ń jẹ irin ju wákàtí kan tó fi rìn tààrà láti pápá kan dé òmíràn lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé ẹ̀rọ tó ń ka ìwọ̀n agbára tó ń fa ara bàálù sínú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé bàálù kan ti fò 8,000 wákàtí, ẹ bi í pé irú wákàtí wo.

Apá A-10 sán. Wọ́n gbé iṣẹ́ apá tuntun fún ilé iṣẹ́ Boeing ní 2007, 173 ni wọ́n pààrọ̀, èyí tó kẹ́yìn sì parí ní Ogden, ìpínlẹ̀ Utah, ní 2019. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n tún gbé àdéhùn mìíràn jáde: apá tó lè tó 112, owó tó lè tó 999 mílíọ̀nù dọ́là. Ẹ pín in: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 9 dọ́là lórí bàálù kan, lórí apá nìkan. Apá tuntun náà wà fún wákàtí 10,000, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ikùn bàálù, wáyà inú rẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì TF34 kò tíì kan. Àgbà ní í ní àkísà, ẹni tó bá sì fẹ́ máa lo àgbà á máa lẹ àkísà.

Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni kó lọ ka ti bàálù ogun F-15C. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá 2007, ọ̀kan lára ti ẹ̀ṣọ́ òfurufú ìpínlẹ̀ Missouri já sí méjì lójú òfurufú lásìkò ìdánrawò. Irin gbọọrọ tó gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí awakọ̀ ń jókòó lókè, lápá ọ̀tún, ló sán. Awakọ̀ fò jáde láàyè. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé irin náà kò nípọn tó bí ìwé àwòrán ṣe pàṣẹ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Fún ọdún tó lé ní 25 ni àbùkù yẹn fi sùn síbẹ̀. Wọ́n kó gbogbo F-15 wálẹ̀, wọ́n sì bá irin tó ń sán lára àwọn mìíràn.

Fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ, Àwòdì, bí wọ́n ṣe ń fi oje àwọ̀ wá ojú sísán rèé. Fi kẹ́míkà bó ọ̀dà kúrò, fọ ibẹ̀ títí ọ̀rá á fi tán. Fi oje àwọ̀ sí i, kí o sì fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 30, bí ìwé iṣẹ́ ṣe wí, kó lè ráyè wọ inú. Fi aṣọ mímọ́ nù ún, lẹ́yìn náà fi aṣọ tí o fi oje ìfọ̀ rin díẹ̀ parí rẹ̀. Bu lẹ́búlẹ́bú funfun lé e, kí o sì dúró: bí ibẹ̀ bá sán, àwọ̀ máa jáde bí ìlà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n da oje ìfọ̀ lé ojú irin ní tààràtà. Ó máa fọ àwọ̀ inú ibi tó sán dànù, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé irin pé. Àti pé ojú irin nìkan ni ọ̀nà yìí ń rí. Ibi tó sán nínú ihò ìdè, lábẹ́ bóòtù, ẹ̀rọ iná mànàmáná tó ń fi kọ́ìlì wá a ló máa rí i.

Ìyá Ẹ̀rọ · 9:48 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́, Alágbẹ̀dẹ. Ẹ jẹ́ kí n fi ti F-35 kún un, kí àwọn ọmọ má lọ rò pé tuntun kì í ṣàìsàn. Ní oṣù Kẹta 2023, GAO rí i pé nǹkan bí ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún F-35 Amẹ́ríkà ló wà ní ipò iṣẹ́. Ìdá 85 sí 90 ni wọ́n ń lé. Nígbà náà, ẹ̀yà ara tó lé ní 10,000 ló wà nílẹ̀ tó ń dúró de àtúnṣe, nítorí pé wọ́n ra bàálù yára ju bí wọ́n ṣe kọ́ ilé ìtúnṣe lọ. Bàálù wà, awakọ̀ wà, ẹ̀yà kan ṣoṣo tí kò tíì dé ló so ó mọ́lẹ̀.

Ara rẹ̀ náà ní òfin. Kí rédà má bàa rí i, gbogbo ìlẹ̀kùn kéékèèké àti ojú ìdè gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ara, a sì fi oje dí àlàfo rẹ̀. Bí mẹkáníìkì bá ṣí ìlẹ̀kùn tí ìdí rẹ̀ wà lábẹ́ oje yẹn, iṣẹ́ kò parí nígbà tó dì í padà: ó gbọ́dọ̀ tún oje náà fi, kó gbẹ, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí mẹkáníìkì A-10 máa fi sukuduráfà ṣe tán ní ìdajì wákàtí lè di iṣẹ́ òní àti ọ̀la. Lóòótọ́, ó sàn ju F-117 àti F-22, tí rédà kì í tètè rí bákan náà, lọ, torí pé púpọ̀ nínú ohun tó ń gbé rédà mì ni wọ́n yan mọ́ ara F-35 láti ilé iṣẹ́.

Kọ̀ǹpútà tún ńkọ́? Láti oṣù Keje 2023 dé oṣù Keje 2024, ìjọba Amẹ́ríkà kò gba F-35 tó ní àtúntò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní TR-3 lọ́wọ́ ilé iṣẹ́, nítorí pé sọ́fítíwià rẹ̀ kò tíì ṣe é gbára lé. Bàálù tí wọ́n ti ṣe tán ń tò sílẹ̀.

Ẹyẹ Ìdì · 10:30 àárọ̀

Gbogbo yín ń sọ bí bàálù ṣe ń gbó. Ta ni ń sọ ohun tó ń ta á lulẹ̀?

A-10 le, mi ò jiyàn. Irin titanium tó yí awakọ̀ ká wúwo tó kílò 540. Ọ̀nà méjì ni omi ẹ̀rọ tó ń darí rẹ̀ ń gbà, bí méjèèjì bá sì ṣòfò, okùn irin wà tí awakọ̀ lè fi agbára ọwọ́ fà. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin 2003, Kim Campbell fi okùn yẹn gbé A-10 tí wọ́n ti lù ní Bàgídáàdì padà sí pápá.

Àmọ́ ẹ wo 15 oṣù Kejì 1991. A-10 méjì ni mísáìlì Ìráàkì já lulẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo nígbà tí wọ́n lọ bá Republican Guard, àṣàyàn ọmọ ogun Ìráàkì. Ọ̀gágun Charles Horner, tó ń darí ogun òfurufú, kó A-10 kúrò níbẹ̀, ó ní kí F-16 máa bá a lọ. Ọdún 1991 nìyẹn, mísáìlì ìgbà náà kò sì tó ti òní. Ní Ukraine, Su-25 tó jẹ́ irú A-10 ti Rọ́ṣíà ti ṣubú púpọ̀ ní ìhà méjèèjì. Ohun tí wọ́n ń ṣe báyìí ni pé wọ́n á rìn mọ́lẹ̀, wọ́n á gbé imú sókè, wọ́n á fọ́n rọ́kẹ́ẹ̀tì sókè láti òkèèrè, wọ́n á sì sá. Ìyẹn kì í ṣe dídúró ti ọmọ ogun. Níbi tí ọ̀tá bá ti ní rédà àti mísáìlì, wákàtí méjì tí ẹ̀gbọ́n Ọta ń yìn, ta ló máa jẹ́ kí A-10 lò ó?

Ọta Ò Tán · 10:52 àárọ̀

Mo gba ti 1,150, mo sì gba ti Maverick. Ti Ẹyẹ Ìdì ni mi ò gbà tán. Kì í ṣe gbogbo ogun ló ní mísáìlì ńlá. Ní Afghanistan, Amẹ́ríkà fi ọ̀pọ̀ ọdún jagun níbi tí ohun tó léwu jù fún bàálù jẹ́ ìbọn ẹ̀rọ àti rọ́kẹ́ẹ̀tì. Kí ni ara tí rédà kò rí ń wá níbẹ̀?

Ẹyẹ Ìdì · 10:58 àárọ̀

Kò wá nǹkan kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n A-10 náà pọ̀jù fún irú ogun bẹ́ẹ̀. Bàálù kékeré tó ń fi abẹ̀bẹ̀ iwájú fò lè ṣe é, pẹ̀lú bọ́ǹbù tí iná lésà ń tọ́. Ìyẹn ni pé ẹ ń jà fún bàálù tó gbówó lórí jù fún ogun kékeré, tó sì rọ̀ jù fún ogun ńlá.

Ọmọ Ìlọrin · 11:35 àárọ̀

Ọ̀rọ̀ Ẹyẹ Ìdì yìí kan Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n, ó sì lè wúlò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ju ti Amẹ́ríkà lọ.

Ní àwọn ọdún 1980, Nàìjíríà ra Jaguar 18, bàálù ogun tó dára gan-an nígbà náà. Nígbà tó máa fi di 1991, wọ́n ti so ó mọ́lẹ̀ nítorí pé owó ìtọ́jú kò sí. Kì í ṣe ogbó ló pa á. Kò tíì pé ọdún 10. Alpha Jet tí wọ́n rà ní sànmánì kan náà ṣì ń fò. Ẹ́ńjìnnì Larzac méjì ló ní, kò ní ìfinájó ẹ̀yìn tó ń jó epo púpọ̀ fún ìyára, irin rẹ̀ kò ní àṣírí. Ní 2015 wọ́n tún rí 4 rà ní Amẹ́ríkà lọ́wọ́ aládàáni, èyí tí wọ́n ti yọ ohun ìjà kúrò lára rẹ̀, wọ́n sì tún so ohun ìjà mọ́ ọn nílé. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ṣe Alpha Jet mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Gbogbo ẹ̀yà tuntun tí ẹ bá rí, ara òmíràn ni wọ́n ti tú u. Àti pé ó gbọ́dọ̀ sún mọ́lẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́: ní oṣù Keje 2021, ìbọn àwọn agbébọn já ọ̀kan bọ́ ní ìhà Zamfara. Flight Lieutenant Abayomi Dairo fò jáde, ó sì fẹsẹ̀ rìn dé ibi ààbò.

Ọdún yẹn kan náà ni A-29 Super Tucano 12 dé, irú bàálù alábẹ̀bẹ̀ tí Ẹyẹ Ìdì ń sọ. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀, PT6A, jẹ́ mọ̀lẹ́bí èyí tó wà lára King Air, bàálù kékeré tó ń gbé èrò, àti bàálù tó ń fọ́n oògùn sóko. Ẹ̀yà rẹ̀ wà kárí ayé, mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n pọ̀. Mo ka ìyẹn sí pàtàkì ju iyàrá lọ.

Ìṣirò Layé · 11:50 àárọ̀

Òótọ́ lo sọ, àmọ́ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé A-29 kò pọ́ọ́kú bí wọ́n ṣe ń pariwo. Nǹkan bí 496 mílíọ̀nù dọ́là ni Nàìjíríà san. Pín in sí 12, ó lé ní mílíọ̀nù 41 lórí ọ̀kan. Kì í ṣe iye bàálù nìkan nìyẹn: bọ́ǹbù, ẹ̀yà ara, ẹ̀kọ́ awakọ̀ àti ti mẹkáníìkì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fi 41 yẹn dojú kọ 77.9 ti F-35A ti tún ṣi agbọ̀n mú, torí pé 77.9 kò ní bọ́ǹbù kankan nínú.

Àwòdì Òkè · 12:20 ọ̀sán

Ẹ ṣeun gidi, ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ìyá, gbogbo yín. Ìbéèrè méjì ló kù. Báwo ni kí n ṣe tò ó sórí pátákó kí wọ́n lè ṣírò rẹ̀ fúnra wọn? Àti pé ẹnì kan dájúdájú máa bi mí bóyá F-35 lè ṣiṣẹ́ nínú ooru Maiduguri. Kí ni kí n sọ?

Ìṣirò Layé · 12:47 ọ̀sán

Kọ iṣẹ́ náà sókè pátákó kí o tó kọ orúkọ bàálù kankan. Bí àpẹẹrẹ: "bàálù 4 gbọ́dọ̀ wà lójú ogun nígbàkigbà, kìlómítà 300 sílé, ọ̀tá ní mísáìlì èjìká." Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ṣírò sẹ́yìn. Bí bàálù bá lè dúró wákàtí kan ààbọ̀ níbẹ̀, ìgbà 16 ni 4 yẹn máa pààrọ̀ ara wọn ní ọjọ́ kan, ìyẹn ìfò 64. Bí bàálù kan bá ń fò lẹ́ẹ̀méjì lójúmọ́, 32 tó lè fò lo nílò. Bí ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń wà ní ipò iṣẹ́, o nílò 59 nílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìdá 75, 43 tó. Ìyàtọ̀ 16 yẹn, fi 80 mílíọ̀nù lù ú, wàá rí i pé bílíọ̀nù kan àti 280 mílíọ̀nù dọ́là ni àìsí ẹ̀yà ara ń jẹ. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni kí o tó mú owó wákàtí wọlé, láti inú agbọ̀n kan náà.

Parí rẹ̀ pẹ̀lú ìlà kan: bàálù mélòó ni wọ́n máa já bọ́? Ìlà yẹn ni Ẹyẹ Ìdì ń jà fún, bí o bá sì yí "mísáìlì èjìká" padà sí "mísáìlì ńlá oní-rédà", gbogbo ìṣirò tó gbè lẹ́yìn A-10 máa dojú dé.

Àbúrò Onírin · 1:05 ọ̀sán

Fi F-15EX, ẹ̀dà F-15 tuntun, kún pátákó náà, ẹ jọ̀ọ́. Àwòrán rẹ̀ ti ọdún 1972 ni, ṣùgbọ́n irin rẹ̀ tuntun, wọ́n sì ṣe é fún wákàtí 20,000, nígbà tí F-35A jẹ́ 8,000. Ó ń gbé mísáìlì 12 tó ń já bàálù mìíràn. Owó rẹ̀ sì ju ti F-35A lọ. Ẹni tó bá ń pe àwòrán àtijọ́ ní pọ́ọ́kú yẹ kó rí i.

Ìyá Ẹ̀rọ · 1:30 ọ̀sán

Ti Maiduguri: sọ fún un pé epo inú F-35 kì í ṣe epo nìkan. Òun náà ló ń gba ooru kọ̀ǹpútà àti rédà mọ́ra kó tó lọ jó nínú ẹ́ńjìnnì. Bí epo bá ti gbóná láti inú ọkọ̀ tó gbé e wá, àyè tó kù fún un láti gba ooru kéré, ẹ̀rọ lè kọ iṣẹ́ kí bàálù tó gbéra. Ní pápá Luke, ní Arizona, ní 2014, wọ́n tìtorí ẹ̀ kun ọkọ̀ epo tó jẹ́ àwọ̀ ewé ní funfun, wọ́n sì ń wá ibòòji fún un. Nítorí náà, ó lè ṣiṣẹ́, bí epo bá wà lábẹ́ òrùlé, bí wọ́n bá ń wọn ìgbóná epo kí wọ́n tó fà á sínú bàálù, tí wọn ò sì jẹ́ kí ẹ̀rọ inú rẹ̀ máa ṣiṣẹ́ pẹ́ lórí ilẹ̀ láìsí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tútù tí wọ́n so mọ́ ọn láti ìta. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tútù yẹn àti jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé e, kó kọ ọ́ sínú owó náà.

Àwòdì Òkè · 1:38 ọ̀sán

Mo ti kọ ọ́. Jẹnẹrétọ̀ àti epo dísẹ́lì rẹ̀.